Iṣẹ́ Kan Lẹ́ẹ̀kan, Àbí Ọ̀pọ̀ Iṣẹ́ Pa Pọ̀? Ọ̀nà Márùn-ún, Pẹ̀lú Ẹni Tí Ọ̀kọ̀ọ̀kan Bá Mu

Ẹni tó bá ń lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí láàrin wa. Ohun tí òwe náà kò sọ ni bí ẹni tí kò lè fi ọ̀kankan nínú eku méjèèjì sílẹ̀ yóò ṣe ṣe é. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa wà. Ìwé kan wà tó gbọ́dọ̀ parí kí ilẹ̀ tó ṣú, íméèlì ń wọlé, fóònù ń dún, ọmọ fẹ́ ká bá òun wo iṣẹ́ àṣetiléwá, ọ̀gá ní òun fẹ́ rí wa fún ìṣẹ́jú kan. Gbogbo rẹ̀ ló pọn dandan, ara kan ṣoṣo la sì ní.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó bá wà nírú ipò yìí ni pé kó mú iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ìmọ̀ràn rere ni, èmi náà sì ń tẹ̀lé e. Àmọ́ ìmọ̀ràn tí kò bá sọ irú iṣẹ́, irú ènìyàn àti irú àkókò tó bá a mu, ìdajì ìmọ̀ràn ni. Ọ̀nà márùn-ún ni mo rí tí àwọn ènìyàn ń gbà to iṣẹ́ wọn. Mo fẹ́ gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n sì sọ ẹni tí mo rò pé ó yẹ kó mú èyí tàbí ìyẹn. Bí ẹ ti ń kà á lọ, ẹ máa ṣọ́ ohun kan: ta ló ń pinnu ìgbà tí ọkàn yóò kúrò lórí iṣẹ́ kan bọ́ sórí òmíràn? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí ohunkóhun tó bá ṣáà ti dún? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ àwọn ọ̀nà yìí wà ju inú iye iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ẹni lọ.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ni àkókò, ohun tí mo sì ń pè ní àkókò ni gbogbo ìṣẹ́jú tó wà láàrin ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ìparí rẹ̀, títí kan èyí tí a fi ń wá ibi tí a bá a dé kí wọ́n tó pè wá. Ìkejì ni àṣìṣe. Ìkẹta ni okun: báwo ni ara àti ọkàn yóò ṣe rí nígbà tí a bá dìde nídìí iṣẹ́? Ìkẹrin ni àwọn tó ń retí yín. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹnìkan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà tó nílò èsì.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò dọ́gba lójú mi. Àṣìṣe ló wúwo jù. Àkókò tó bá ṣòfò, èèyàn lè fi òru ọjọ́ kan dí i. Oògùn tí a fún aláìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí òdo kan tó wọ inú ìṣirò owó láìyẹ, kò sí òru tó lè dí i.

Ó tún yẹ ká mọ ohun kan nípa ọpọlọ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ méjì tó bá gba ìpinnu kì í gba inú rẹ̀ kọjá pa pọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, bí èèyàn méjì tó dé ẹnu ọ̀nà tóóró lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan ní láti dúró kí èkejì kọjá. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ èyí. Ní ọdún 1927, Arthur Jersild ní Amẹ́ríkà fún àwọn ènìyàn ní ìṣirò kéékèèké ṣe. Bí wọ́n bá ń ṣe oríṣi ìṣirò kan ṣoṣo lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ìwé, wọ́n ń yára. Bí wọ́n bá ní láti ṣe oríṣi kan, kí wọ́n bọ́ sí èkejì, kí wọ́n tún padà, ó ń pẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó le nínú ìṣirò méjèèjì.

Ọ̀nà kìn-ín-ní: ṣíṣe nǹkan méjì ní ìṣẹ́jú kan náà

Ẹ ń rìn lọ, ẹ ń gbọ́ ìròyìn létí. Ẹ ń ká aṣọ, ẹ ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Kò sí aburú níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ti mọ ìrìn tirẹ̀, ọwọ́ ti mọ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ, kò sí ìpinnu kankan nínú wọn, nítorí náà àyè wà fún ọ̀rọ̀ tí ẹ ń gbọ́. Ìgbà mìíràn tilẹ̀ wà tí iṣẹ́ ọwọ́ kékeré máa ń ran etí lọ́wọ́. Ní ọdún 2009, Jackie Andrade ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí 40 ènìyàn tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ orí fóònù kan tó ń súni. Ó ní kí ìdajì wọn máa kun àwọn àwòrán kéékèèké lórí ìwé bí wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Àwọn tó ń kun àwòrán rántí ohun tí wọ́n gbọ́ ju àwọn yòókù lọ ní ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó jọ pé iṣẹ́ ọwọ́ náà ni kò jẹ́ kí ọkàn wọn ṣáko lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń ya nǹkan sétí ìwé nínú ìpàdé gígùn, ẹ má bínú sí i. Ó ṣeé ṣe kó máa gbọ́ ju ẹni tó tẹjú mọ́ olùbánisọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀ràn yí padà nígbà tí nǹkan méjèèjì bá gba ìrònú. Àpẹẹrẹ tó burú jù ni ìwakọ̀ àti fóònù. Ní Yunifásítì Utah, David Strayer àti William Johnston gbé iṣẹ́ kan tó jọ ìwakọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Bí iná pupa bá tàn, ẹni náà gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì. Àwọn tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù kò rí iná pupa ní ìlọ́po méjì iye ìgbà tí wọn kò rí i nígbà tí wọn kò sọ̀rọ̀, àwọn tó sì rí i kò tètè tẹ bíréèkì. Ohun tó yẹ kí gbogbo awakọ̀ há sórí nínú rẹ̀ ni pé fóònù tí wọ́n gbé dání àti èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn rí bákan náà. Ọkàn tó lọ sínú ọ̀rọ̀ ló fa ìṣòro náà, ọwọ́ kọ́. Ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tí a fi sínú ọkọ̀ kí ọwọ́ lè ṣófo kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ewu yìí. Èrò tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó wà lórí fóònù, torí pé òun náà ń wo ọ̀nà. Bí ọ̀nà bá le, á dákẹ́.

Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé àwọn yàtọ̀, pé ọpọlọ tàwọn gbà á. Òtítọ́ ni pé irú wọn wà. Ní ọdún 2010, Jason Watson àti Strayer dán 200 ènìyàn wò, wọ́n ní kí wọ́n máa wakọ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọkọ̀ kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ ìrántí àti ìṣirò lórí fóònù. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò pàdánù nǹkankan. Nínú 200, èèyàn márùn-ún nìyẹn. Ìwádìí mìíràn láti yunifásítì náà ní 2013 tún fi hàn pé àwọn tó gbà pé àwọn mọ iṣẹ́ púpọ̀ pa pọ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń ṣe é jù, kì í sábà jẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí náà, bí ìdánilójú yín bá ga gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí.

Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n: fún iṣẹ́ ara àti iṣẹ́ etí, ó rọrùn, kì í sì í fa àṣìṣe. Fún iṣẹ́ méjì tó gba ọkàn, kò sí ohun tó burú tó o.

Ọ̀nà kejì: fífò láti orí iṣẹ́ kan sí òmíràn

Èyí ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe nígbà tí a bá ní à ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pa pọ̀. A kọ gbólóhùn méjì, a wo íméèlì. A dá èsì padà, a padà sí ìwé. Fóònù dún, a gbé e. Gloria Mark, tó ń ṣe ìwádìí ní Yunifásítì California ní Irvine, ti ń wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣe èyí fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Ní bíi ọdún 2004, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ni ó rí i pé ènìyàn ń lò lórí ojú ìwé kọ̀ǹpútà kan, ní ìpíndọ́gba, kó tó kúrò níbẹ̀. Nínú àwọn ìwọ̀n tó ṣe ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó ti wá sílẹ̀ sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 47.

Kí ni fífò yìí ń gbà lọ́wọ́ wa? Ó ń gba àkókò lákọ̀ọ́kọ́. Robert Rogers àti Stephen Monsell fi hàn ní 1995 pé bí ènìyàn tilẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun máa tó yí iṣẹ́ padà, tí wọ́n sì fún un láyè láti múra, ìdádúró náà kò tán pátápátá. Ní 2001, Joshua Rubinstein, David Meyer àti Jeffrey Evans rí i pé bí iṣẹ́ bá ṣe díjú tó ni àkókò tó ń ṣòfò nídìí ìyípadà náà ń pọ̀ tó. Meyer fúnra rẹ̀ ti sọ pé ó lè tó ìdá 40 nínú àkókò iṣẹ́ ẹni. Ibi tó lè dé ni ìṣirò yẹn ń sọ, ẹ má kà á sí iye tí gbogbo ènìyàn ń pàdánù lójoojúmọ́. Àmọ́ ìdajì rẹ̀ pàápàá pọ̀ jù fún mi.

Ó tún ń gba ọkàn. Sophie Leroy ló ṣàlàyé èyí dáadáa jù ní 2009: bí a bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí, tí a bọ́ sórí òmíràn, apá kan ọkàn wa máa ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ojú wa wà lára èyí tó wà níwájú, ìrònú wa ṣì ń bá ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá ti jókòó sí ìpàdé kan rí, tó ń ronú íméèlì tó ń kọ lọ́wọ́ kó tó dìde, mọ ohun tó ń sọ.

Ìwádìí kan wà tí ó yẹ kí n mẹ́nu bà nítorí òdodo, torí pé ó dà bíi pé ó ń gbè sẹ́yìn ọ̀nà yìí. Ní 2008, Mark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn ní íméèlì dáhùn, wọ́n sì ń dá apá kan wọn lẹ́nu iṣẹ́ wò. Àwọn tí wọ́n ń dá lẹ́nu iṣẹ́ ló kọ́kọ́ parí! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń sáré láti dí àkókò tí wọ́n ti pàdánù, èsì tí wọ́n sì kọ kúrú ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n bí ara wọn ṣe rí, àwọn ló sọ pé wàhálà ọkàn, ìjákulẹ̀ àti ìkánjú pọ̀ fún àwọn jù. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun ń yára ju gbogbo yín lọ nítorí pé òun ń fò káàkiri, ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ẹ bi í bí orí rẹ̀ ṣe rí lálẹ́.

Ti àṣìṣe ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Johanna Westbrook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn méjì nílùú Sydney nígbà tí wọ́n ń fún aláìsàn lóògùn. Ní 2010 tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde, ó hàn pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá nọ́ọ̀sì dúró lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe tó jẹ mọ́ ìtọ́jú fúnra rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní ìdá 12.7 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó jẹ mọ́ ìlànà iṣẹ́ sì ń pọ̀ sí i ní ìdá 12.1. Àwọn nọ́ọ̀sì náà kò ya ọ̀lẹ, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn. Àwọn ènìyàn pè wọ́n, wọ́n béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn, àwọn nọ́ọ̀sì náà yíjú, wọ́n sì padà sídìí oògùn.

Ṣé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ni? Ó wúlò. Ẹni tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́, dókítà tó wà ní ẹ̀ka pàjáwìrì, òbí tí ọmọ kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀: kí wọ́n máa dá wọn dúró gan-an ni iṣẹ́ wọn. Ẹ kò lè sọ fún ọmọ ọdún méjì pé kó dúró dìgbà tí aago bá lù. Fún irú wọn, ohun tó lè dín ìpalára kù wà. Nínú iṣẹ́ kan tí Leroy ṣe pẹ̀lú Theresa Glomb ní 2018, àwọn tí wọ́n dá dúró, àmọ́ tí wọ́n fún ní àkókò díẹ̀ láti kọ ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé àti ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ ṣe bí wọ́n bá padà, ṣe dáadáa lórí iṣẹ́ tuntun náà ju àwọn tí kò kọ nǹkankan. Gbólóhùn kan tó. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó gbé fóònù, kí ẹ tó dìde. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, òun ni kò náni ní nǹkankan, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ọ̀nà kẹta: iṣẹ́ kan títí yóò fi parí

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ òfuurufú ló ti sọ èyí di òfin. Láti ọdún 1981, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà ti fòfin dè é pé bí ọkọ̀ bá ṣì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000, ìgbà tó ń gbéra tàbí tó fẹ́ balẹ̀ nìyẹn, àwọn awakọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tí kò pọn dandan fún ìrìn ọkọ̀ náà, kódà wọn kò gbọdọ̀ máa tàkúrọ̀sọ. Àwọn ilé ìwòsàn kan ti yá èrò yìí lò, tí nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn yóò wọ aṣọ pélébé tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe dá òun dúró.

Ẹ wo bí òfin náà ṣe mọ níwọ̀n. Kò ní kí awakọ̀ dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò dé òpin. Ó mú apá tí àṣìṣe ti lè pa ènìyàn, ó sì dáàbò bo ìyẹn nìkan. Bó ṣe yẹ kí a lo ọ̀nà yìí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ gbájú mọ́ nǹkan kan ṣoṣo kò ní pẹ́ tí yóò fi rẹ̀ ẹ́, àwọn tó ń retí rẹ̀ yóò sì bínú. Ẹni tó bá yan iṣẹ́ kan tó ṣe pàtàkì jù lọ́jọ́ náà, tó sì ṣe é láìgbé ojú sókè, yóò rí èrè rẹ̀ kíákíá.

Ní ti àṣìṣe, kò sí ọ̀nà tó tó èyí. Ní ti àkókò, òun náà ló dára jù fún iṣẹ́ tó gba pé kí a kó ọ̀pọ̀ nǹkan sórí lẹ́ẹ̀kan: ìṣirò owó, ètò kọ̀ǹpútà, àdéhùn tí a fẹ́ fọwọ́ sí, ìwé gígùn tí a ń kọ. Iye ohun tí ọkàn lè gbé dání lẹ́ẹ̀kan kéré púpọ̀. Ìṣirò Nelson Cowan ní 2001 fi í sí nǹkan bíi mẹ́rin. Ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀kan péré ti sọ gbogbo rẹ̀ nù, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á jọ.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí ni ìgbà tí iṣẹ́ bá takú. Bí ojútùú kò bá wá, kí a tẹjú mọ́ ọn kì í sábà mú un wá. Ut Sio àti Thomas Ormerod kó ìwádìí 117 jọ ní 2009, wọ́n sì rí i pé bí ènìyàn bá fi ìṣòro sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sábà máa ń ràn án lọ́wọ́ láti rí ojútùú nígbà tó bá padà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń ka ojú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láìrí nǹkankan mú níbẹ̀, ẹ dìde. Ìfọkànsí kọ́ ni ẹ ń ṣe mọ́.

Fóònù ńkọ́? Ẹ gbé e sí yàrá mìíràn. Ní 2017, Adrian Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé wíwà tí fóònù wà lórí tábìlì lásán, kódà bí kò dún, ń gbà lára agbára ìrònú. Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò fẹnu kò lórí ìyẹn, àmọ́ gbígbé e kúrò nílẹ̀ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ọ̀nà kẹrin: fífi aago pín iṣẹ́

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù nínú irú èyí ni Pomodoro. Francesco Cirillo ló gbé e kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 nígbà tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ítálì, ó sì fi orúkọ aago ìdáná rẹ̀ tó rí bíi tòmátò pè é. Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro. Ẹ yan iṣẹ́ kan, ẹ fi aago sí ìṣẹ́jú 25, ẹ ṣe iṣẹ́ náà nìkan títí aago yóò fi dún, ẹ sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ gba ìsinmi tó gùn, ìṣẹ́jú 15 sí 30.

Ẹni tí ìbẹ̀rẹ̀ máa ń le fún ni mo rò pé ọ̀nà yìí wà fún. Ìwé tó nípọn ń bani lẹ́rù. Ìṣẹ́jú 25 kì í bani lẹ́rù. Ó tún dára fún ẹni tí iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀ tó sì fẹ́ kí gbogbo wọn máa lọ síwájú, torí pé ó lè lo aago kan fún èyí, kó lo òmíràn fún ìyẹn. Níbí ni ìwádìí kan tí mo fẹ́ràn gan-an ti wọlé. Jackson Lu, Modupe Akinola àti Malia Mason tẹ ìwé jáde ní 2017 lórí iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ inú, èyí tí ènìyàn ní láti ronú kan ohun tuntun. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ méjì. Àwọn kan ń yí padà nígbà tó bá wù wọ́n, àwọn kan ṣe ti àkọ́kọ́ dé ìdajì àkókò kí wọ́n tó bọ́ sí èkejì, àwọn kan sì ń yí padà léraléra ní àkókò tí a ti là kalẹ̀ fún wọn. Àwọn tí àkókò wọn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe dáadáa jù. Ìyípadà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ní gbogbo ìgbà. Bí a bá fi ìgbà rẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tó bá wù wá ní ìṣẹ́jú yẹn, a kì í yí padà tó nígbà tí iṣẹ́ bá ti há.

Àléébù rẹ̀ ni pé aago kò mọ ìgbà tí ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú iṣẹ́. Fún ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tàbí tó ń kọ ìtàn, ìṣẹ́jú 25 lè jẹ́ ìgbà tí gbogbo nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jọra wọn. Ẹ sún un sí 50, tàbí 90. Kò sí ohun mímọ́ kankan nínú 25. Ìsinmi náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìsinmi, àmọ́: ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún náà ka mẹ́sééjì ti gbé iṣẹ́ mìíràn wọlé.

Ọ̀nà karùn-ún: kíkó iṣẹ́ kéékèèké jọ

Dípò kí ẹ máa dáhùn íméèlì bó ti ń wọlé, ẹ yan ìgbà méjì tàbí mẹ́ta lóòjọ́, kí ẹ dáhùn gbogbo wọn pa pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó sísan, ìpè fóònù, àti ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a fẹ́ máàkì. Jersild ti sọ ìdí rẹ̀ fún wa láti 1927: oríṣi kan náà tó tẹ̀ léra kì í náni tó oríṣi tó ń yí padà.

Kostadin Kushlev àti Elizabeth Dunn dán an wò pẹ̀lú 124 ènìyàn, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń wo íméèlì lóòjọ́. Fún ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ń wò ó bó ṣe wù wọ́n. Wàhálà ọkàn wọn dín kù ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ààlà sí i.

Ewu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pàjáwìrì tó lè dé láàrin ìgbà kan sí èkejì. Ẹ ṣí ọ̀nà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó yẹ kó mọ̀: ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dúró, kó pè mí, íméèlì lè dúró. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló lè dúró.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ lè pa ènìyàn tàbí kó ba owó ẹlòmíràn jẹ́, ọ̀nà kẹta ni kó mú fún apá iṣẹ́ náà, kó má sì tijú láti sọ fún àwọn tó yí i ká pé kí wọ́n dúró. Awakọ̀ wà nínú wọn. Ìwakọ̀ kò ní ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ pa fóònù tàbí kí ẹ páàkì.

Akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà kẹrin. Bí ẹ bá wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ rántí pé ojú kọ̀ǹpútà yín kì í ṣe tiyín nìkan. Faria Sana àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà fi hàn ní 2013 pé àwọn tó ń ṣe nǹkan mìíràn lórí kọ̀ǹpútà nígbà tí olùkọ́ ń kọ́ wọn gba máàkì tó kéré, àwọn tó jókòó níbi tí wọ́n ti ń rí kọ̀ǹpútà náà gba máàkì tó kéré pẹ̀lú. Àwọn wọ̀nyẹn kò ṣe nǹkankan ju pé wọ́n jókòó síbẹ̀.

Ọ̀gá, olùkọ́, àti ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ń tọ̀ wá láti ibi púpọ̀, ọ̀nà karùn-ún ni kí wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, kí wọ́n wá fi wákàtí kan tàbí méjì ti ọ̀nà kẹta sáàrin rẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé tàbí tó ń ronú kan ohun tuntun, kó dà kẹta pọ̀ mọ́ kẹrin: ìgbà gígùn lórí iṣẹ́ kan, àti ìgbà tí ó ti là kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti kúrò níbẹ̀.

Òbí tó wà nílé pẹ̀lú ọmọ kékeré àti òṣìṣẹ́ pàjáwìrì kò ní yíyàn púpọ̀, ọ̀nà kejì ló mú wọn. Kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé wọn kò ní ìfọkànsí. Kí wọ́n máa kọ gbólóhùn kan kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n sì tọ́jú iṣẹ́ tó lè fa àṣìṣe ńlá sí ìgbà tí ẹlòmíràn bá lè gba ọmọ tàbí iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀nà kìn-ín-ní wà fún gbogbo wa, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan nínú nǹkan méjèèjì bá jẹ́ ohun tí ara ti mọ̀.

Ó ku ẹni tí àkókò rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọ̀gá ń retí èsì láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan ní gbogbo ìgbà. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń kọ fún ẹni tó ní ọ́fíìsì àti ilẹ̀kùn kò ràn án lọ́wọ́. Ohun tí mo lè sọ fún un ni pé kó béèrè ohun kékeré tó ṣe pàtó: wákàtí kan lóòjọ́, ní àkókò kan náà, fún iṣẹ́ kan tí ọ̀gá náà mọ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà kan tí wọ́n lè fi pè é bí ọ̀rọ̀ bá le. Kó sọ pé kí wọ́n dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wákàtí àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló sábà rọrùn jù láti gbà, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbéèrè ránṣẹ́ nígbà yẹn.